Àpò-Kò-Kún àti Igbá Omi Àwẹ̀ró

Ẹ jẹ́ kí n dìde dúró sọ ọ́. Ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí ọkùnrin í jókòó pẹ́ sọ, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ kí n tó dákẹ́. Ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ará ìlú tí òjò dá dúró sábẹ́ àtíbàbà wa, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sẹ́yìn ilé lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìgbà tí a ti pé jọ, tí ẹ ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru òjò, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ bọ́ síwájú.

Èmi Ọdẹ́rìndé tí ẹ ń wò yìí, mo ti ko ẹfọ̀n lójú ọ̀nà tóóró, ẹfọ̀n ló yà fún mi. Mo ti pàdé iwin olórí mẹ́ta, mo sì kí orí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó má baà di ìjà. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́jìnmí ni, ẹni tó fẹ́ yìnbọn pa mí nítorí ìtọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, bó ṣe sọ ọ́ fún mi náà ni n ó ṣe sọ ọ́ fún yín, àfi ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó tí mo bá a tún ṣe.

Ọdẹ́jìnmí jẹ́ ọdẹ tí í gun igi dúró de ẹran. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ gbọ́: ọdẹ tó bá tọ̀ sídìí igi tó gùn, ó ti ránṣẹ́ sí gbogbo ẹran inú igbó pé òun wà níbẹ̀. Nítorí náà ni àwa ọdẹ fi máa ń mú ìtọ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n àmúmọ́ra ti Ọdẹ́jìnmí ré kọjá ààlà. Ó ń gun igi ní ìdájí, kò ní sọ̀kalẹ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí ó bá máa lọ sígbó lọ́la, kò ní fẹnu kan omi láti òní. Ife ògógóró ló fi ń pa òùngbẹ, ẹran gbígbẹ tí ata bò mọ́lẹ̀ ló sì fi ń pa ebi. Àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Àpò-Kò-Kún. Bí a bá ti pè é bẹ́ẹ̀, àyà rẹ̀ á yọ síwájú. Mo jẹ̀bi níbẹ̀, ohùn tèmi ló máa ń ròkè jù.

Nígbà tí ó lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣọ̀tá. Bí ó bá lọ tọ̀, á dúró títí bí ẹni tó ń retí àlejò tí kò dájọ́. Ohun tí yóò jáde kò ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ, èyí tó bá sì jáde, bí ata ni yóò máa ta á. Kò ní í tíì so ṣòkòtò tán tí òmíràn yóò tún fi gbọ̀n ọ́n. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń ro ó. Abẹ́ ń dùn ún débi pé apá kan ìdí ló ń fi jókòó. Ibà á mú un lónìí, á fi í sílẹ̀ lọ́la, á tún padà wá.

Ọkùnrin tí ara bá ń ro, tí kò mọ ohun tó ń ro ó, ẹni tó ń ro ó ni yóò máa wá kiri. Ọdẹ́jìnmí ní àsàsí ni, ó ní wọ́n ti so ìtọ̀ òun mọ́ igi níbìkan. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani, òun ló ń tẹnu mọ́. Ilé náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ Àwẹ̀ró aya rẹ̀, tí wọ́n ti jọ wà fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

Àwẹ̀ró ti rí i pé ọkọ òun kì í mu omi. Ó wá ń bu omi sínú igbá láàárọ̀ lálẹ́, ó ń kúnlẹ̀ gbé e fún un.

"Bàbá Fọlárìn, ẹ mu omi. Ètè yín ti gbẹ."

"Kí ló dé tí omi yìí fi ń ká ọ lára tó báyìí? Tọ́ ọ wò."

Àwẹ̀ró á tọ́ ọ wò.

"Tún tọ́ ọ."

Àwẹ̀ró á tún tọ́ ọ. Nígbà náà ni Ọdẹ́jìnmí yóò gba igbá, yóò yí sẹ́yìn ilé, yóò da omi náà sídìí ìbẹ́pẹ kan, yóò sì máa ṣọ́ ọ bóyá yóò rọ. Ìbẹ́pẹ náà kò rọ. Ó so, ó so, títí a fi fi ọ̀pá gbè é kó má baà ya. Ọdẹ́jìnmí wò ó títí, ó mi orí, ó ní oògùn obìnrin náà lágbára púpọ̀, pé ènìyàn nìkan ló ń mú, kì í mú igi. Àwọn baba wa ní omi ò lọ́tàá. Wọn ò tíì rí Ọdẹ́jìnmí nígbà tí wọ́n ń wí bẹ́ẹ̀.

Èmi náà kò mórí bọ́. Lọ́jọ́ kan nínú oko, mo rí i tó dúró pẹ́ lẹ́yìn igi, mo bá dá àpárá, mo ní, "Àpò-Kò-Kún, ṣé ó ti wá kún ni?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti tẹ̀lé ti Àwẹ̀ró nínú ọkàn rẹ̀. Lóòótọ́, ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n oògùn wo ni ènìyàn í lò ní ìlò àlòjù tí kì í di májèlé?

Nígbà tó yá, ó ki ọta kan ṣoṣo sínú ìbọn, ó sì dúró lójú àgbàlá. Ó ní òun ń lọ sí Ìlú Ìdárúkọ, níbi tí wọ́n ti ń sọ orúkọ ẹni tó bá fi àsàsí di ènìyàn mọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ, ọta kan náà ni tirẹ̀. Àwẹ̀ró mọ̀ pé òun ló ń bá wí. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohun kan ló béèrè.

"Ṣé kí n bu omi sínú akèrègbè fún yín?"

Ọdẹ́jìnmí ti gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó lọ.

Igbó Afurasí ló kọ́kọ́ bọ́ sí. Nínú igbó yìí, ewé igi ń yíjú wo ẹni tó ń kọjá, àwọn ẹyẹ kò sì kọrin, wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ síra wọn létí. Ó pàdé iwin kan tó ga ju ọ̀pẹ lọ, tí ojú rẹ̀ méjèèjì wà ní ìpàkọ́. Olójú-Ẹ̀yìn ni orúkọ rẹ̀. Iwájú rẹ̀ kò ní ojú kankan, kókó ló kún un, nítorí kò sí igi tí kì í forí sọ.

"Kí ni ò ń wò lẹ́yìn?" Ọdẹ́jìnmí béèrè.

"Mo ń ṣọ́ ẹni tó ń tẹ̀lé mi."

"Ta ni?"

"N kò tíì rí i. Igba ọdún rèé tí mo ti ń ṣọ́ ọ."

"Igi tó wà níwájú rẹ ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í ṣe ọ̀tá mi," ni iwin náà wí. "Ìyẹn kàn máa ń gbá mi lórí ni."

Ọdẹ́jìnmí sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ òun, pé òun rò ó pé ọlọ́gbọ́n nìyí. Iwin náà wá na ẹsẹ̀ kan dí ọ̀nà, ó ní kò sẹ́ni tó ń kọjá láìjá àlọ́ òun. Ó ní, "Oníbodè kan jókòó sẹ́nu odò, kò tóbi ju àsálà lọ. Bí inú rẹ̀ bá dùn, odò ń ṣàn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí a bá mú un bínú, á wú, odò á dí, ọba aládé á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sunkún. Ta ni oníbodè náà?"

Ọdẹ́jìnmí kò ronú rárá. Ó ní, "Ọdẹ́rìndé ni."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wò mí dáadáa, ṣé mo jọ àsálà? Iwin náà mí kanlẹ̀. Ó ní ìdáhùn burúkú ni, ṣùgbọ́n ó ti sú òun láti máa dá àwọn ọkùnrin padà, nítorí gbogbo wọn ló ń dárúkọ ẹnìkan. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, Ọdẹ́jìnmí sì kọjá.

Ìlú tó kàn ni Ìlú Jókòó-Jẹ. Àwọn ará ibẹ̀ kì í dìde. Wọ́n ti jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àpótí fi hù mọ́ wọn nídìí, kò sẹ́ni tó lè fà á kúrò. Ata ni ọbẹ̀ wọn, ògógóró ni omi wọn. Bí wọ́n bá ti yó, oníkálùkù á máa nawọ́ sí aládùúgbò rẹ̀, á ní ẹni náà ló di òun mọ́ àpótí. Baálẹ̀ wọn gbé ìkòkò kan wá, tí egbò igi kún inú rẹ̀ tí ògógóró sì bò ó.

"Ife mẹ́ta péré, ọmọ ọdẹ," ni Baálẹ̀ wí. "Ìtọ̀ á máa ya bí òjò."

"Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, Kábíyèsí kékeré."

Baálẹ̀ kò tọ́ ọ wò lásán, ó gbé ife kan mì, ó sì pọ́n ètè lá. Ọkàn Ọdẹ́jìnmí balẹ̀, ó mu mẹ́ta, ó fi ẹran aláta lé e. Ẹ rí i bí ìfura ṣe máa ń tan ẹni tó ni ín. Ó fura sí omi aya rẹ̀, ó gba ọtí àjèjì gbọ́, nítorí pé ẹni tó gbé e wá tọ́ ọ wò tẹ̀ríntẹ̀rín.

Oòrùn kò tíì yẹ̀ lórí tí ọ̀nà ìtọ̀ fi dí pátápátá. Ẹ̀kán kan kò jáde. Ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ le bí odó, òógùn bò ó, ó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú. Àwọn ará Jókòó-Jẹ ń naga láti orí àpótí wọn, wọ́n ń sọ orúkọ ọ̀tá sí i létí, ẹnìkọ̀ọ̀kan ń dá ọgọ́rùn-ún orúkọ. Kò sẹ́ni tó bá a gbé ẹsẹ̀. Ó rákò jáde lẹ́nu ibodè ìlú náà, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ikú ló kù.

Olójú-Ẹ̀yìn ń kọjá lọ lójú ọ̀nà. Bí ó ti kọjá rẹ̀ tán ló rí i, nítorí ẹ̀yìn ni ojú rẹ̀ wà. Ó gbé e pọ̀n. Ẹ fojú inú wò ó: ojú iwin ń wo ojú ọdẹ, kò sì sẹ́ni tó ń wo iwájú fún iwin náà.

"O máa bá mi wo ọ̀nà," ni Olójú-Ẹ̀yìn wí. "Níbo ni igi wà?"

"Ya sọ́tùn-ún. Òkúta ń bọ̀, gbé ẹsẹ̀ ga."

Ọdẹ́jìnmí rò ó pé iwin yìí lè jù òun sí kòtò, ṣùgbọ́n ìrora kò jẹ́ kó rí àyè fura. Báyìí ni wọ́n ṣe lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ, iwin náà fọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀, ó ní òní ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí igi kò gbá òun lórí ní igba ọdún.

Ìlú Ìdárúkọ kò ní odi, kò ní ààfin. Ilé gbọọrọ kan ló wà níbẹ̀, àti ìyá arúgbó kúkúrú kan tó wọ awò ojú, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Abéèrè. Ọdẹ́jìnmí di ìbọn rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi." Ìyá náà ní, "Òkú kì í lo orúkọ, ọmọ mi. Jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbà ọ́."

Ó mú rọ́bà tín-ín-rín kan tó ti sè nínú omi gbígbóná tó sì ti tutù, ó rọra tì í gba ọ̀nà ìtọ̀ wọlé. Ọdẹ́jìnmí sọ fún mi pé òun ti gbọ́ ìró gbogbo omi tó wà nínú igbó, pé kò sí èyí tó dùn tó ìró ọjọ́ náà. Abọ́ méjì ló kún. Ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí àmọ̀tẹ́kùn ya á lápá, ó sunkún níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ìyá Abéèrè bu ìtọ̀ rẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e sójú oòrùn, ó fi awò wò ó. Ó rọra fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò níbì kan tí n kò ní dárúkọ níwájú àwọn àna mi tó wà níbí. Ó béèrè ohun tó ń jẹ, ohun tó ń mu, iye wákàtí tó ń mú ìtọ̀ mọ́ra, iye ìgbà tó ń jókòó láìdìde. Ọdẹ́jìnmí ń purọ́. Lójú tirẹ̀, obìnrin tó bá ń béèrè ìtọ̀ ọkùnrin tó báyìí, ó ní ohun tó fẹ́ fi ṣe.

"Kókó kan wà nínú gbogbo ọkùnrin," ni ìyá náà wí. "Kò ju àsálà lọ, ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká bí òrùka. Tìrẹ ti wú. Kòkòrò tí ojú kò rí ti wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ gbóná bí eéwo. Ti ẹlòmíràn á wú láìní kòkòrò, oògùn tiwọn yàtọ̀. Ti ẹlòmíràn sì ní ohun tó burú ju wíwú lọ nínú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó ṣí ìgò oògùn."

"Ẹni tó rán kòkòrò náà ni mo bi yín."

"Tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé, a ó sọ̀rọ̀ orúkọ."

Ó fún un ní hóró oògùn, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, fún ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko. Ó ní kó máa jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí ìrora lè rọ̀. Ó ní kó máa mu omi dáadáa, kó máa dìde rìn, kó sì lọ tọ̀ nígbà tí ìtọ̀ bá ti pè é. Ògógóró di èèwọ̀, ata náà dín kù. Ẹ̀fọ́, ẹja, tòmátì àti èso ló ń gbé síwájú rẹ̀, ó ní oúnjẹ kò lé kòkòrò jáde, ṣùgbọ́n kì í bá ara jà.

Kí ni Ọdẹ́jìnmí ṣe sí hóró àkọ́kọ́? Ó jù ú sí adìẹ. Adìẹ náà gbé e mì, ó sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá òmíràn ń bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí adìẹ kò kú, ó lo tirẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejìlá, ìrora ti lọ, ìtọ̀ ń yọ bó ṣe yẹ. Ẹlòmíràn á dúpẹ́. Ọdẹ́jìnmí ní, "Ara mi ti yá, kí ló kù tó fi ń dá mi dúró síbí? Ó fẹ́ sọ mí di ẹrú rẹ̀ ni." Ó da oògùn tó kù sínú koríko, ó gba ẹ̀yìn ilé sá. Lójú ọ̀nà ó rí ipasẹ̀ àgbọ̀nrín, ó gun igi, ó sì tún ń mú ìtọ̀ mọ́ra lójoojúmọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ bí Àpò-Kò-Kún tó jẹ́. Lọ́jọ́ kẹfà, ibà gbé e ṣubú lórí igi náà. Ó ń wá igi fi tilẹ̀ kó tó lè rìn padà sọ́dọ̀ ìyá náà.

Mo bi í léèrè ohun tí Ìyá Abéèrè wí. Ó ní kò bínú rárá. Ó tún ìtọ̀ yẹ̀ wò, ó mú oògùn mìíràn tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó bu omi, ó ní, "Ọjọ́ kìn-ín-ní."

Lọ́tẹ̀ yìí ó lò ó pé, kò sì purọ́ mọ́. Nígbà tí ọgbọ̀n ọjọ́ pé, ìyá náà tún ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó rí i pé ó mọ́, ó wá jókòó tì í.

"Ó yá, dárúkọ ẹni tí o gbé wá."

"Àwẹ̀ró ni. Ìyàwó mi."

"Kí ló fún ọ?"

"Omi."

"Omi wo?"

"Omi àmù, nínú igbá. Láàárọ̀ lálẹ́."

"Ṣé o mu ún?"

"Rárá," ló wí. "Mo ń dà á sídìí ìbẹ́pẹ."

"Kí ni mo fún ọ láti ọjọ́ tí o ti dé?"

"Oògùn."

"Àti kí ni?"

"Omi."

Ọdẹ́jìnmí sọ fún mi pé ojú ti òun débi pé òun kò lè gbé orí sókè. Ẹni tó fẹ́ yìnbọn pa, òun nìkan ló ti ń gbé ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ wá láti ọjọ́ yìí. Ó fẹ́ kí ọ̀tá kan wà. Ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju kí ó jẹ́ pé orí igi ni òun ti ń fọwọ́ ara òun mú oníbodè kékeré náà bínú. Ó yọ ọta kúrò nínú ìbọn, ó gbé e fún ìyá náà. Ìyá náà ṣí àpótí ńlá kan: ọta ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ àti ìdì oògùn lóríṣiríṣi, ohun tí àwọn ọkùnrin ti gbé wá fún àwọn aya, ará àti ọ̀rẹ́ wọn. Ó ju tirẹ̀ sí i, ó sì pa ìdérí dé.

Ó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó rò ó fún mi títí dórí àlọ́ àsálà. Mo bínú, n kò ní í purọ́, mo bínú fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà mo bá a délé.

Àwẹ̀ró ń ṣa ẹ̀fọ́ lójú àgbàlá. Ọdẹ́jìnmí sọ gbogbo rẹ̀ níwájú rẹ̀ láìfi kan bò, ó sọ ti ọta, ó sọ ti ìbẹ́pẹ. Àwẹ̀ró dìde lọ sídìí àmù, ó bu omi sínú igbá, ó padà wá kúnlẹ̀. Bí ó ti mọ́ ọn lára, ó kọ́kọ́ gbé e sẹ́nu ara rẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyá Fọlárìn, má tọ́ ọ wò fún mi mọ́."

"Ta ló ní mo ń tọ́ ọ wò?" Àwẹ̀ró wí. "Òùngbẹ ló ń gbẹ mí."

Ó mu omi náà dé ìsàlẹ̀ igbá, ó nu ẹnu, ó gbé igbá òfìfo lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Àmù wà níbẹ̀."

Ọdẹ́jìnmí dìde. Ọkùnrin tí kò bu omi fúnra rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti gbéyàwó, ó lọ sídìí àmù, ó bu ún, ó mu ún tán, ó tún bu òmíràn. Àwẹ̀ró ti padà sídìí ẹ̀fọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń ka iye igbá tí ọkọ rẹ̀ ń mu.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi dé nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Láti ìgbà náà, a kò pe ẹnikẹ́ni ní Àpò-Kò-Kún mọ́ nínú ẹgbẹ́ wa. Bí Ọdẹ́jìnmí bá sọ̀kalẹ̀ lórí igi, tó rìn jìnnà lọ tọ̀, àwa tó kù náà á sọ̀kalẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí ẹran bá sá, ọ̀la ń bọ̀. Òjò ti dá báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń yí ìdí láti àárọ̀, ẹ lè máa lọ sẹ́yìn ilé, kò sẹ́ni tó dì yín. Bí ó bá sì jẹ́ pé kò já geere, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ kí ẹ tó gba ilé ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì fi ìbọn sílé.